Ẹ Mí Síta, Àbúrò

Òwúrọ̀ ni, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún bàtà ṣe. Ẹní tẹ́ sílẹ̀, fèrèsé ṣí, kò sí àga. Obìnrin tó ń kọ́ni ní yógà dúró láìwọ bàtà; ọkùnrin káfíńtà kan ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, ọwọ́ kan lára ògiri, ọwọ́ kejì lẹ́yìn ara rẹ̀, ó ń rọra rìn bí ẹni tó gbé dígí.

TÍṢÀ: Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ wọlé, ẹ jókòó.

KÁFÍŃTÀ: Ẹ kú iṣẹ́. (Ó wo yàrá yíká.) Níbo?

TÍṢÀ: Ilẹ̀ náà ni.

KÁFÍŃTÀ: Mo rí ilẹ̀. Àga ni mò ń wá.

TÍṢÀ: Kò sí àga níbí.

KÁFÍŃTÀ: Ẹ ò bá ti ránṣẹ́. Ǹ bá gbé ọ̀kan dání. Káfíńtà ni mí.

TÍṢÀ: A ò nílò ẹ̀. Ilẹ̀ la máa ń lò.

KÁFÍŃTÀ: Wọn ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ sí mi lójú rí.

TÍṢÀ: Ẹ má bínú, bàbá. Kí ló ń ṣe yín?

KÁFÍŃTÀ: Ẹ má pè mí ní bàbá. Mi ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn mi ló sáré dàgbà.

TÍṢÀ: Ó dáa, ẹ̀gbọ́n.

KÁFÍŃTÀ: Ẹ má pè mí ní ẹ̀gbọ́n náà. Ẹ̀gbọ́n wà nílé wa. Òun ló kú. Ó kú lọ́jọ́ Àìkú, bí ẹni tí kò mọ orúkọ ọjọ́.

TÍṢÀ: Háà! Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tù yín nínú, ọ̀gá.

KÁFÍŃTÀ: Òun náà ni ọ̀gá. A jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

TÍṢÀ: Kí ni kí n wá máa pè yín?

KÁFÍŃTÀ: Àbúrò. Gbogbo àdúgbò ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé pàápàá. "Àbúrò, ẹ káàárọ̀ o, sà."

TÍṢÀ: (ó wo irun funfun tó wà lórí rẹ̀) Àbúrò.

KÁFÍŃTÀ: Mo wà ńbí.

TÍṢÀ: Ẹ jọ̀ọ́, Àbúrò, kí ló ń ṣe yín?

KÁFÍŃTÀ: Ẹ̀yìn.

TÍṢÀ: Láti ìgbà wo?

KÁFÍŃTÀ: Ẹ béèrè ìgbà tí kò ṣe mí. Ìyẹn ló máa yá.

TÍṢÀ: Báwo ló ṣe ń ṣe yín? Ṣé ó ń ta ni, àbí ó ń gún, àbí ó ń jó bí iná?

KÁFÍŃTÀ: Ó ń ta láàárọ̀. Ó ń gún lọ́sàn-án. Tó bá di alẹ́, gbogbo wọn á wá ṣèpàdé.

TÍṢÀ: Kí ni dókítà sọ?

KÁFÍŃTÀ: Ó ní egungun ẹ̀yìn mi ti gbó. Ó ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo bi í pé ṣé òun á máa wá bá mi jókòó nílé. Ó ní kí ẹni tó kàn wọlé.

TÍṢÀ: Wọn ò fún yín lóògùn?

KÁFÍŃTÀ: Wọ́n fún mi. Mo lò ó, oorun sì gbé mi lọ lórí pákó tí mò ń gé. Mo nà gbalaja. Àwọn tó wá kí mi kú ará fẹ́ra kù bá mi níbẹ̀. Wọn ò kí mi. Wọ́n sá.

TÍṢÀ: Wọ́n sá?

KÁFÍŃTÀ: Ọ̀kan nínú wọn ní wọn ò sọ fún òun pé èèyàn méjì ló kú. Nọ́ọ̀sì wá ní tí oògùn bá ń kùn mí lóorun, kí n wá bá yín. Ó ní yógà ni ẹ̀ ń ṣe. Mo ní ṣé wọ́n ń mu ún ni, àbí wọ́n ń fi para. Ó ní kí n ṣáà máa lọ.

TÍṢÀ: Pákó kí lẹ̀ ń gé ná?

KÁFÍŃTÀ: Pákó pósí. Iṣẹ́ wa nìyẹn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Pósí là ń kàn.

(Tíṣà sún sẹ́yìn díẹ̀.)

TÍṢÀ: Kò burú.

KÁFÍŃTÀ: Gbogbo èèyàn ló ń ní kò burú. Gbogbo wọn ló sì ń sún sẹ́yìn.

TÍṢÀ: Ẹ̀ ń kan pósí, ẹ̀gbọ́n yín kú, ẹ tún padà sídìí iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí kan náà? Ẹ ò lè sinmi?

KÁFÍŃTÀ: Tirẹ̀ ni mò ń kàn.

(Tíṣà sún padà síwájú.)

KÁFÍŃTÀ: A ti jọ sọ ọ́ tipẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ, ẹnì kejì ni yóò kan tirẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíì ò gbọdọ̀ kàn án. Ọ̀túnla la máa sin ín. Mo ti gé pákó náà tán, ó ku kí n fá a kó dán. Ṣùgbọ́n tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí, tí mo ti ìfági síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀yìn mi á há síbẹ̀. Ìyàwó mi ló ń fà mí nàró. Òun náà ti ń di ẹ̀yìn mú báyìí.

TÍṢÀ: Ẹ fẹ́ kí n tún ẹ̀yìn yín ṣe kó tó di ọ̀túnla.

KÁFÍŃTÀ: Ọ̀la. Mo ṣì máa kùn ún.

TÍṢÀ: Àbúrò, ẹ jẹ́ kí n bá yín sòótọ́. Yógà kì í ṣe nǹkan ọjọ́ kan. Ẹlòmíì á ṣe é fún oṣù bíi mélòó kan kó tó rí ìyàtọ̀.

KÁFÍŃTÀ: Ẹ̀gbọ́n mi ò lè dúró tó bẹ́ẹ̀.

TÍṢÀ: Kì í sì í lé ìrora lọ. Ó ń kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa bá a gbé ni.

KÁFÍŃTÀ: Mo ti ń bá a gbé. Òun ló gba yàrá. Èmi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

TÍṢÀ: A máa ní kó sún fún yín díẹ̀. Èmi náà, ọrùn ni tèmi. Ìdí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, títí ọrùn mi ò fi yí mọ́. Tí wọ́n bá pè mí, gbogbo ara ni mo fi ń dáhùn.

KÁFÍŃTÀ: Ó ti wá lọ?

TÍṢÀ: Kò lọ. Ó ṣì máa ń yà kí mi.

KÁFÍŃTÀ: Ẹ wá ń kọ́ àwọn èèyàn.

TÍṢÀ: Mo ti mọ bí mo ṣe ń gbà á lálejò. Mi ò kì í fún un láyè dùbúlẹ̀.

KÁFÍŃTÀ: (ó rò ó) Ìyẹn dáa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

TÍṢÀ: Ẹ bọ́ bàtà. Ẹ dúró síbí. A máa kọ́kọ́ dúró bí igi.

KÁFÍŃTÀ: Mi ò ṣe ìyẹn.

TÍṢÀ: Kí ló dé?

KÁFÍŃTÀ: Mo mọ ohun tí mo máa ń fi igi ṣe.

TÍṢÀ: Ẹ dúró bí òkè nígbà náà.

KÁFÍŃTÀ: Kí ni òkè máa ń ṣe?

TÍṢÀ: Kì í ṣe nǹkan kan. Ó kàn dúró ni.

KÁFÍŃTÀ: Mo ti ń ṣe é láti ìgbà tí mo ti wọlé nìyẹn.

TÍṢÀ: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ pa ojú dé. Ẹ wá mí.

KÁFÍŃTÀ: Mò ń mí.

TÍṢÀ: Ẹ mí dáadáa.

KÁFÍŃTÀ: Kí ló ṣe èyí tí mò ń mí?

TÍṢÀ: Ó kéré.

KÁFÍŃTÀ: Kò sẹ́ni tó bá mi wí lórí ẹ̀ rí.

TÍṢÀ: Ẹ fà á sínú títí táá fi dé ikùn.

KÁFÍŃTÀ: Ẹ̀yìn ni mo sọ fún yín.

TÍṢÀ: Ẹ̀yìn wà lẹ́yìn ikùn.

(Káfíńtà fọwọ́ kan ikùn. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn.)

KÁFÍŃTÀ: Ìyẹn ò lè jẹ́ irọ́.

TÍṢÀ: Ẹ wá rán èémí yẹn lọ síbi tó ń dùn yín.

KÁFÍŃTÀ: Tí kò bá mọ̀nà ńkọ́?

TÍṢÀ: Ẹ fi ọkàn mú un débẹ̀.

KÁFÍŃTÀ: Tó bá jẹ́ pé èmi náà ni mo máa mú un lọ, kí ni mo wá ń rán an sí?

(Tíṣà mí tirẹ̀ sínú. Ó mí i síta. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.)

KÁFÍŃTÀ: Ó ń dùn yín lọ́rùn?

TÍṢÀ: Ó ń yà kí mi. Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú èyí tó rọrùn jù. Kò sí pé ẹ̀ ń tẹ̀, kò sí pé ẹ̀ ń nà. Ẹ kàn máa dùbúlẹ̀ ni.

KÁFÍŃTÀ: Kí lorúkọ rẹ̀?

TÍṢÀ: Ẹ má wulẹ̀ béèrè.

KÁFÍŃTÀ: Nọ́ọ̀sì máa bi mí.

TÍṢÀ: (ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa) Òkú ni wọ́n ń pè é.

KÁFÍŃTÀ: Òkú.

TÍṢÀ: Ẹ máa dùbúlẹ̀ bí òkú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ní irú àsìkò yìí...

KÁFÍŃTÀ: Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Oníbàárà mi ni wọ́n.

TÍṢÀ: Ẹ kọ́kọ́ wò mí. (Ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ sórí ẹní.) Báyìí. Ẹsẹ̀ á ya díẹ̀. Apá á ya sí ẹ̀gbẹ́.

KÁFÍŃTÀ: Apá ò lè wà báyẹn.

TÍṢÀ: Kí ló dé?

KÁFÍŃTÀ: Ìdérí ò ní pa dé.

TÍṢÀ: Kò sí ìdérí níbí, Àbúrò.

KÁFÍŃTÀ: Mo kàn sọ ni.

TÍṢÀ: (ó ti pa ojú dé, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀ pátápátá) Ẹ jẹ́ kí gbogbo ara wúwo. Ilẹ̀ ló gbé yín. Ẹ ò gbé nǹkan kan. Ẹ ò ní ibi tí ẹ̀ ń lọ. Kò sẹ́ni tó ń dà yín láàmú...

(Nǹkan tutù kan kàn án ní gìgísẹ̀. Ó la ojú kan. Káfíńtà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, téèpù nà láti àtàrí rẹ̀ dé ẹsẹ̀, ó ń mi orí bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.)

TÍṢÀ: Kí lẹ̀ ń ṣe?!

KÁFÍŃTÀ: Háà. Ẹ má bínú. Ọwọ́ ni. Tí èèyàn bá ti dùbúlẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀, téèpù á ti jáde.

TÍṢÀ: Mò ń sọ̀rọ̀!

KÁFÍŃTÀ: Ẹ̀ ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́ jù.

TÍṢÀ: Ẹ ká a kúrò lára mi!

KÁFÍŃTÀ: Ṣé kí n sọ bí ẹ ṣe gùn tó?

TÍṢÀ: Rárá!

KÁFÍŃTÀ: Kò burú. (Ó ń ká téèpù, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.) Pákó ò ní fi bẹ́ẹ̀ pọ̀.

TÍṢÀ: Àbúrò!

KÁFÍŃTÀ: Mo ti dákẹ́.

(Tíṣà dìde jókòó. Ó fẹ́ bá a wí. Ó tún wò ó dáadáa.)

TÍṢÀ: Àbúrò. Ẹ wo ara yín.

KÁFÍŃTÀ: Kí ló ṣe mí?

TÍṢÀ: Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

(Káfíńtà wo ilẹ̀. Ilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó wo orókún ara rẹ̀ bí ẹni tó bá orókún olórókún níbẹ̀.)

KÁFÍŃTÀ: Yéè! (Ó fọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú.) Ẹ ò bá má sọ!

TÍṢÀ: Kò dùn yín nígbà tí ẹ̀ ń wọ̀n mí.

KÁFÍŃTÀ: Kò tíì mọ̀ pé mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ fún un.

TÍṢÀ: Ẹ má dìde o.

KÁFÍŃTÀ: Ta ló lè dìde?

TÍṢÀ: Ó dáa bẹ́ẹ̀, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wà náà nìyẹn. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lélẹ̀. Orókún méjèèjì lélẹ̀. Ẹ wá gbé ẹ̀yìn sókè díẹ̀ bí ológbò tó ń bínú.

(Ó ń ṣe é. Ó pẹ́. Eegun kan dún.)

KÁFÍŃTÀ: Tábìlì lèyí.

TÍṢÀ: Ológbò ni.

KÁFÍŃTÀ: Ẹ wò ó dáadáa. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, òkè rẹ̀ tẹ́jú. Tábìlì ni. Kò sì dúró dáadáa. Ẹsẹ̀ òsì iwájú kúrú.

TÍṢÀ: Ọwọ́ yín ò kúrú. Apá ọ̀tún lẹ̀ ń kó gbogbo ara lé.

KÁFÍŃTÀ: Òun náà ni mo sọ. Tábìlì tó bá ń mì, wọ́n á fi nǹkan sábẹ́ ẹ̀.

TÍṢÀ: Mo ní nǹkan tá à ń fi sábẹ́ ẹ̀.

(Ó mú ègé igi kan wá látẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, irú èyí tí àwọn oníyógà máa ń gbé ọwọ́ lé. Ó tì í sábẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀. Káfíńtà fọwọ́ pa á. Ojú rẹ̀ yí padà.)

KÁFÍŃTÀ: Ta ló ṣe èyí?

TÍṢÀ: Mo rà á ni.

KÁFÍŃTÀ: Ẹni tó ṣe é ń bínú sí ẹnì kan. Ó máa gún mi lọ́wọ́.

TÍṢÀ: Kò gún ẹnikẹ́ni rí.

KÁFÍŃTÀ: Wọn ò fẹ́ kó dùn yín ni.

(Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ sáńpépà.)

TÍṢÀ: Ẹ mú sáńpépà wá síbi yógà?

KÁFÍŃTÀ: Inú àpò mi ló ń gbé. Kí ló wà nínú àpò tiyín?

TÍṢÀ: Aṣọ yìí ò ní àpò.

KÁFÍŃTÀ: Ẹ ò rí i.

(Ó kúnlẹ̀ ti ègé igi náà, ó ń fi sáńpépà ha á. Ó ń lọ síwájú, ó ń bọ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀, ó ń nà. Tíṣà sún mọ́ ọn, ó dẹ etí sílẹ̀.)

KÁFÍŃTÀ: Kí lẹ̀ ń gbọ́?

TÍṢÀ: Èémí yín. Ẹ̀ ń mí.

KÁFÍŃTÀ: Ẹ má sọ fún mi! Ẹ ti ba tàkọ́kọ́ jẹ́.

TÍṢÀ: Ẹ máa ha á lọ. Ṣé ó ń dùn yín?

KÁFÍŃTÀ: (ó ń ha á, ó ń ronú) Ó wà níbẹ̀. Ó jókòó. Kò sọ̀rọ̀.

TÍṢÀ: Bí ẹ ṣe ń fá pákó ẹ̀gbọ́n yín náà nìyí?

KÁFÍŃTÀ: Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìfági ló kàn máa wà lọ́wọ́ mi.

TÍṢÀ: Ẹ ṣe é kí n rí i. Ká sọ pé ẹní yìí ni pákó, ègé igi yẹn ni ìfági.

KÁFÍŃTÀ: Pákó rẹ̀ gùn ju ẹní yìí lọ. Ó ga. Ó máa ń forí gbá ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa, ìlẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ kàn. Á ní ìlẹ̀kùn ló kúrú.

TÍṢÀ: Ká sọ pé ó gùn tó o.

(Káfíńtà rákòrò dé ìpẹ̀kun ẹní. Ó gbé ègé igi lé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un. Ẹnu rẹ̀ pa dé. Ọrùn rẹ̀ le. Ó ti igi náà síwájú, jẹ́jẹ́, tààrà, títí dé ìpẹ̀kun kejì. Ó dúró síbẹ̀.)

KÁFÍŃTÀ: Ó ti há.

TÍṢÀ: Ẹ ò mí.

KÁFÍŃTÀ: Ẹ̀n?

TÍṢÀ: Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ò mí rárá. Gbogbo ara yín le bíi...

KÁFÍŃTÀ: Ẹ sọ ọ́.

TÍṢÀ: Mi ò fẹ́ sọ ọ́.

KÁFÍŃTÀ: Bíi pákó.

TÍṢÀ: Ta ló ní kí ẹ máa di èémí mú?

KÁFÍŃTÀ: Òun náà ni. Ìgbà tó ń kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní tí èémí bá bọ́, ọwọ́ á yẹ̀. Ó ní láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, èémí kan ṣoṣo. Á dúró tì mí. Tó bá gbọ́ pé mo mí, á ní, "Hmm."

TÍṢÀ: Ìyẹn nìkan?

KÁFÍŃTÀ: Ẹ ò mọ "hmm" rẹ̀ ni. Wọ́n ń gbọ́ ọ lókè ọ̀hún.

TÍṢÀ: Gbogbo pósí tí ẹ ti kàn láyé yín, ẹ ò mí nídìí ẹ̀?

KÁFÍŃTÀ: (ó wo ẹ̀yìn bí ẹni pé wọ́n lè gbọ́) Mo máa ń jí i mí.

TÍṢÀ: Ẹ máa ń jí i mí.

KÁFÍŃTÀ: Tí kò bá wo apá ọ̀dọ̀ mi. Bó bá kọjú mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀, màá mí díẹ̀. Bó bá lọ bá oníbàárà sọ̀rọ̀, màá mí dáadáa. Nígbà míì màá wúkọ́, màá kó púpọ̀ níbẹ̀. Báyẹn ni mo ṣe ń ṣe é.

TÍṢÀ: Ó dáa. Ẹ jí èyí náà mí. Kò sẹ́ni tó ń wò yín.

KÁFÍŃTÀ: Tirẹ̀ nìyí.

TÍṢÀ: Mo mọ̀.

KÁFÍŃTÀ: Mo lè rẹ́ ẹ jẹ lórí pósí ẹlòmíì. Mi ò lè rẹ́ ẹ jẹ lórí tirẹ̀.

(Ní ìsàlẹ̀, ẹni tó ń tún bàtà ṣe ń gbá nǹkan mọ́ nǹkan. Káfíńtà ṣì wà lórí orókún, ègé igi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.)

TÍṢÀ: Àbúrò. Láti ọjọ́ Àìkú, ẹ ti mí?

KÁFÍŃTÀ: Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ǹ bá ti kú.

TÍṢÀ: Mímí tí mo sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ń dé ikùn.

KÁFÍŃTÀ: Ìyẹn, rárá.

TÍṢÀ: Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ fà á sínú. Ó dáa. Ẹ wá mí síta bí ẹ ṣe ń fa igi yẹn padà.

(Káfíńtà fà á sínú. Kò mí síta.)

TÍṢÀ: Ẹ mí síta, Àbúrò.

(Ó ń mi orí pé rárá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún.)

TÍṢÀ: Kí ló dé?

KÁFÍŃTÀ: (ó sọ ọ́ láìjẹ́ kí èémí bọ́) Tí mo bá mí síta, ẹkún á bá a jáde.

TÍṢÀ: Kó bá a jáde.

KÁFÍŃTÀ: Á kán sórí pákó. Pákó tó bá mu omi á wú. Ìdérí ò ní bá a mu mọ́.

TÍṢÀ: Ẹní lèyí.

(Káfíńtà wo ẹní.)

TÍṢÀ: Ẹní lásán ni. Ṣe ni mo máa sá a sí oòrùn. Ẹ mí síta síbí.

(Ó mí síta. Ó pẹ́. Tíṣà dìde, ó lọ wo ojú fèrèsé bí ẹni tó ń wá nǹkan kan lójú títì, kò sì yíjú padà títí ilé fi dákẹ́.)

KÁFÍŃTÀ: Tíṣà.

TÍṢÀ: Àbúrò.

KÁFÍŃTÀ: Ẹní yín ti tutù.

TÍṢÀ: Á gbẹ.

KÁFÍŃTÀ: Mo fa igi yẹn padà. Ẹ ò wò.

TÍṢÀ: Kò há?

KÁFÍŃTÀ: Ó fẹ́ há. Mo sì mí. Ẹ̀yìn náà ní, "Ṣé bí a ṣe sọ ọ́ nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

TÍṢÀ: Ẹ tún un ṣe.

(Ó tún un ṣe. Ó ń mí sínú tó bá ń fà á, ó ń mí síta tó bá ń tì í. Ó lọ, ó bọ̀. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, ó nàró. Kò sẹ́ni tó fà á. Ó wò yíká láti mọ ẹni tó fà á.)

TÍṢÀ: Báwo ló ṣe rí?

KÁFÍŃTÀ: Ó ń dùn mí.

TÍṢÀ: Mo ti sọ fún yín pé kò ní lọ.

KÁFÍŃTÀ: Mi ò bínú. Ó ti bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. (Ó wọ bàtà, láìjókòó.) Ọwọ́ mi yẹ̀ nígbà tí mo mí. Ẹ rí i?

TÍṢÀ: Mi ò rí i.

KÁFÍŃTÀ: Ó yẹ̀ díẹ̀. Ojú ẹlòmíì ò lè rí i. Òun nìkan ló lè rí i.

TÍṢÀ: Á ní "hmm."

KÁFÍŃTÀ: Ì bá wù mí kó sọ ọ́.

(Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró. Ó padà.)

KÁFÍŃTÀ: Ẹ bá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́la.

TÍṢÀ: Kí n wá ṣe kí ni?

KÁFÍŃTÀ: Bí mo ṣe ń wo yín yìí, mo ti ń rántí. Tí mo bá dé iwájú pákó yẹn, màá tún gbàgbé, màá tún dì í mú. Ẹ kàn wá máa sọ ọ́ fún mi bí mo ṣe ń fá a.

TÍṢÀ: Àbúrò, mi ò wọ ibi tí wọ́n ti ń kan pósí rí.

KÁFÍŃTÀ: Ẹ ò ní wọlé. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ máa pè é sínú.

TÍṢÀ: Ṣé èèyàn ń kọjá níbẹ̀?

KÁFÍŃTÀ: Ojú títì ni. Ọ̀nà iléèwé, ọ̀nà ọjà, gbogbo wọn gba ibẹ̀.

TÍṢÀ: Gbogbo àwọn yẹn á máa rí mi, èmi obìnrin, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pósí, tí mò ń ké sínú ilé pé, "Ẹ mí sínú! Ẹ mí síta!"

KÁFÍŃTÀ: Ẹ̀n.

TÍṢÀ: Kí ni wọ́n máa rò?

KÁFÍŃTÀ: Wọ́n á rò pé ẹni tó ni pósí lẹ̀ ń bá wí.

TÍṢÀ: Ohun tí mò ń sọ nìyẹn!

(Káfíńtà ń rò ó. Ó rò ó pẹ́, bí ẹni tó ń wo pákó kó tó gé e.)

KÁFÍŃTÀ: Ẹ tiẹ̀ ké e dáadáa. Tó bá jẹ́ òun ló gbọ́, tó sì mí, mi ò ní sọ pé ẹ bá mi fi pákó ṣòfò.